Igi ni, irin ni, àbí ike? Ohun tó yẹ kí a fi ṣe àga tí òjò àti oòrùn á máa bá jà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbàgede kan wà lẹ́yìn ilé wa tí a fi kọnkéré tẹ́, kò lórùlé. Oòrùn máa ń pa á láti àárọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́rin, òjò náà kì í sì í yọ ọ́ sílẹ̀. A ò jìnnà sí òkun. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ dáadáa, iyọ̀ á lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé wa. Àga onírin tí a kọ́kọ́ rà ti dípẹtà láàárín ọdún méjì, ó sì ti kun ilẹ̀ ní pupa. Ti onígi tí a fi rọ́pò rẹ̀ náà ti ń jẹrà lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi ní ká lọ ra oníke ká sinmi. Èmi fẹ́ nǹkan tó gún régé, tí mi ò ní máa kùn lódọọdún, mi ò sì ní ibi tí mo lè máa kó o pamọ́ sí. Kí ni kí a rà?"

Ẹ ṣeun tí ẹ là á kalẹ̀ bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń béèrè pé èwo ló lágbára jù, ìbéèrè yẹn ò sì ní ìdáhùn, torí ohun tó lágbára lábẹ́ òrùlé lè má lo ọdún mẹ́ta létí òkun. Ẹ̀yin ti sọ ibi tí àga máa wà, ẹ ti sọ ohun tí ẹ ò ní ráyè ṣe fún un, ẹ sì ti sọ bí àwọn méjì àkọ́kọ́ ṣe bàjẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Àga onígi yín jẹrà lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe níbi ìjókòó tí òjò ń rọ̀ lé tààrà o, ẹsẹ̀ ni. Ti onírin náà, bí ẹ bá tún un wò dáadáa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ni ìpáàrà ti bẹ̀rẹ̀, tàbí ìdí ẹsẹ̀ níbi tí wíwọ́ nílẹ̀ ti bó ọ̀dà rẹ̀. Àga ìta kì í sábà ti àárín bàjẹ́. Ibi tí nǹkan méjì ti fẹnu kora ló ti ń bàjẹ́: ẹsẹ̀ àti ilẹ̀, pákó àti súkúrù, irin àti irin. Omi tó bá dà sójú gbangba á gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Èyí tó bá ti wọ ihò tàbí àlàfo ni kì í fẹ́ jáde mọ́. Nítorí náà, igi la wí ni o, irin la wí ni o, ohun kan ni kí ẹ máa bi ara yín: níbo ni omi máa dúró sí lára rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú igi ná. Kì í ṣe omi gan-an ló ń jẹ igi. Àwọn olú wẹ́wẹ́ tí ojú kì í tètè rí ló ń jẹ ẹ́, wọn ò sì lè rí nǹkan kan ṣe bí omi inú igi kò bá tó nǹkan bí 20% ìwọ̀n igi náà nígbà tó gbẹ. Igi tó ń tutù tó sì ń tètè gbẹ lè pẹ́ gan-an. Èyí tí kò ráyè gbẹ ni wọ́n ń jẹ. Ẹ sì rántí pé àwọn iṣan tí igi fi ń fa omi láti gbòǹgbò nígbà tó wà láàyè ṣì wà nínú pákó, bí ìdì páìpù tín-ín-rín tí a so pọ̀: ẹ̀gbẹ́ wọn kì í gba omi púpọ̀, àmọ́ ẹnu wọn, níbi tí ayùn ti gé igi, ń fa omi gidigidi. Ẹnu yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ àga fi ń tẹ ilẹ̀. Ẹ gbé e sórí kọnkéré tí omi òjò dúró lé, ó ti ń fa omi láti ìsàlẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ nìyẹn. Ike kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ ìdí ẹsẹ̀ àga, tó gbé igi kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n fífẹ̀ ìka kan, ń ṣe ju ọ̀dà ẹlẹ́ẹ̀mẹta lọ níbẹ̀.

Irú igi wo wá ni? Tíìkì ni gbogbo ayé ń pariwo, ariwo náà sì tọ́. Òróró wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wà lórí ìdúró, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, kì í sì í wú tàbí sún kì púpọ̀ bí omi ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ìrókò tẹ̀ lé e gbágbáágbá, òun ni àwọn oníṣẹ́ igi ní Yúróòpù máa ń fi rọ́pò tíìkì. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó bá ti la ìrókò rí mọ̀ pé òkúta funfun kan máa ń sápamọ́ sínú rẹ̀ nígbà míì tó ń kán eyín ayùn, ekuru rẹ̀ sì máa ń yọ ni lẹ́nu nímú. Ìyẹn kan ẹni tó ń gbẹ́ ẹ, kò kan ẹni tó ń jókòó lé e. Igi apá náà dára púpọ̀. Ipe tó ń wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà wúwo débi pé ó ń rì bí a bá jù ú sómi, ẹ máa wá ẹni tó máa bá yín gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni. Sídà fúyẹ́, kì í tètè jẹrà, àmọ́ ó rọ̀, èékánná lásán lè fi àpá sí i lára. Akéṣíà àti yukalíptọ́ọ̀sì tí wọ́n sábà máa ń tà lówó pọ́ọ́kú á ṣe dáadáa lábẹ́ òrùlé. Ní gbàgede bíi tiyín, láìsí kíkùn, mi ò ní bá yín dáwọ́ lé e. Páìnì tí wọn ò fi oògùn kankan sí, ká má tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Orúkọ igi nìkan ò sì tó o. Ara igi kan náà pín sí méjì: inú lọ́hùn-ún tó ti gbó, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, àti apá funfun tó wà lábẹ́ èèpo. Inú tó gbó yẹn ni òróró àti oje tó ń lé olú àti kòkòrò wà. Apá funfun, ì báà jẹ́ ti tíìkì tàbí ti ìrókò, kò ní agbára yẹn. Ìlànà EN 350 tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù pín igi sí ìpele 1 dé 5 lórí bó ṣe ń kojú ìjẹrà, ìpele 1 ló dára jù. Inú igi tó gbó nìkan ni ìpele rere yẹn wà fún. Apá funfun, ìpele 5 ni wọ́n ń kà á sí àfi bí ẹ̀rí bá fi hàn pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí tábìlì tíìkì tó ní ìlà funfun àti ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí òǹtajà ń sọ pé ẹwà igi gidi nìyẹn, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Tíìkì oko tí wọ́n gé nígbà tí kò tíì dàgbà ló sábà máa ń ní funfun yìí yanturu.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Oòrùn á jẹ ojú igi, igi á hewú láàárín oṣù díẹ̀ sí ọdún kan. Kò dé inú, ojú lásán ni. Bí ewú yẹn kò bá bí yín nínú, tíìkì kò nílò kí ẹ fi òróró kankan pa á. Òróró tí wọ́n ń tà nínú agolo fún un kì í fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀, àwọ̀ ló kàn ń dá padà fún ìgbà díẹ̀, àwọn kan nínú rẹ̀ sì wà tí olú dúdú dúdú máa ń jẹ bí oúnjẹ, tí àga á wá bu kúlẹ́kúlẹ́. Ohun tó ń ba tíìkì jẹ́ ju oòrùn lọ ni ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi, èyí tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò. Ó ń hú ibi tó rọ̀ lára igi dànù, á fi ibi líle sílẹ̀, ojú igi á wá rí gbágungbàgun, omi á sì ti rí kòtò tuntun dúró sí. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ọṣẹ díẹ̀ àti omi, ó tán.

Mo fẹ́ kan ọ̀rọ̀ pákó olóògùn díẹ̀, torí àwọn èèyàn máa ń rí pákó àlòkù tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé, wọ́n á fi kan bẹ́ǹṣì. Tipẹ́tipẹ́, oògùn tó ní ásẹ́nììkì, tó jẹ́ májèlé, ni wọ́n ń tì bọ inú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní Amẹ́ríkà, òpin ọdún 2003 ni àwọn tó ń ṣe é ṣíwọ́ lílo èyí fún ọ̀pọ̀ jù lọ pákó tó ń lọ sí ilé gbígbé. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ orí pákó kan, ẹ má fi ṣe ibi tí ọmọdé á máa fi ọwọ́ pa, ẹ má sì dáná sun àjákù rẹ̀ láé. Àwọn tòde òní sábà máa ń ní bàbà nínú oògùn wọn. Bàbà yìí ò bá irin lásán àti alumíníọ̀mù rẹ́, ó ń jẹ wọ́n bí omi bá ti dé àárín wọn.

Iyọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe igi rere ní nǹkan kan, wọ́n ti ń fi tíìkì kan ọkọ̀ ojú omi láti ayébáyé. Súkúrù inú igi ló ń jẹ. Bí wọ́n bá fi ìṣó irin lásán kan ìrókò tàbí tíìkì, ẹ máa rí i: àmì dúdú bíi tàdáwà á yí orí ìṣó náà ká, á sì máa ṣàn wálẹ̀ bí òjò ṣe ń rọ̀, torí oje igi àti irin pàdé. Lẹ́yìn ìyẹn ìṣó á wú, igi á là, omi á rí ọ̀nà. Igi tó yẹ kó pẹ́ láyé, ìṣó tí kò tó nǹkan ló pa á.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọ̀rọ̀ irin, fún ẹni tó ń gbé nítòsí òkun ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Iyọ̀ tó bá bà lé irin kì í jẹ́ kó gbẹ. Ó ń fa ìrì inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, irin á máa wà nínú omi tín-ín-rín kan tí ojú ò rí, kódà lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀. Ọ̀dà lórí irin lásán kò lè gba nǹkan lọ́wọ́ èyí. Ọ̀dà dára títí dọjọ́ tó bá kọ́kọ́ họ. Láti ojú ibi tó họ yẹn ni ìpáàrà á ti yọ́ wọ abẹ́ ọ̀dà, àyè tí ìpáàrà ń gbà sì ju ti irin tó jẹ lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀dà fi ń wú tó ń ṣí bí èépá. Ẹni tó bá kun ọ̀dà tuntun lé ìpáàrà lórí láìha á dé egungun, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Irin tí wọ́n rì sínú síńkì yíyọ́ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí síńkì ló ń kọ́kọ́ jẹ kí ìyà tó kan irin. Ẹ kàn bèèrè bóyá lẹ́yìn tí wọ́n ti jó àga pọ̀ tán ni wọ́n rì í, tàbí páìpù tí wọ́n ti rì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá jó pọ̀. Bó bá jẹ́ ti ìkẹyìn, iná ti sun síńkì kúrò níbi oríkèé, níbi tí a ti nílò rẹ̀ jù. Létí òkun, síńkì náà á tètè tán.

Sítéènlẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Àwọn èèyàn gbà pé kì í dípẹtà rárá. Ọ̀wọ́ méjì ni ẹ máa bá pàdé jù: 304, tó ní nǹkan bí 18% kuromíọ̀mù àti 8% níkẹ́ẹ̀lì, àti 316, tó tún ní irin míì tó ń jẹ́ molibdínọ́ọ̀mù bíi 2 sí 3% lára. Molibdínọ́ọ̀mù díẹ̀ yẹn ló ń dènà iyọ̀. Bí ẹ bá gbé 304 sí gbàgede yín, kò ní wó, àmọ́ kò ní pẹ́ tí àwọ̀ tíì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀ káàkiri, ẹ ó sì máa fọ̀ ọ́ títí. 316 ni kí ẹ béèrè, èyí tí wọ́n dán tí ojú rẹ̀ ń ko mànà, torí ojú tó rí háráhárá ni iyọ̀ ń rí dì mú. Ó wọ́n. Ó sì wúwo. Fún odidi àga, mi ò rò pé owó yẹn tọ́ sí ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìrísí rẹ̀ gan-an. Fún súkúrù àti bóòtì, kò sí èyí tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀.

Alumíníọ̀mù ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Kì í dípẹtà bí irin, torí bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án ló máa ń fi awọ tín-ín-rín kan bo ara rẹ̀, bí awọ yẹn bá sì họ, òmíràn á hù síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin lọ. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń gbé e, ó sì burú nígbà tí ìjì bá dé, torí àga alumíníọ̀mù tó ṣófo nínú lè bá atẹ́gùn lọ bá aládùúgbò. Èyí tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe wúwo ju ti páìpù lọ, ó sì máa ń dúró síbi tí a gbé e sí. Ọ̀dà tó bá a mu jù ni oníyẹ̀fun, èyí tí wọ́n ń fẹ́ sí i lára tí wọ́n á sì yan án nínú ààrò ní nǹkan bí 180 sí 200 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, títí yóò fi yọ́ dì mọ́ ọn. Ẹ mú àwọ̀ tó mọ́ díẹ̀. Alumíníọ̀mù dúdú tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀, ẹni tó bá fi itan lásán jókòó lé e lọ́sàn-án á fò dìde.

Iyọ̀ lè jẹ alumíníọ̀mù náà o, ibi kan ló sì fẹ́ràn: ibi tí irin míì ti kàn án. Bí ẹ bá fi súkúrù sítéènlẹ́ẹ̀sì ti alumíníọ̀mù tààrà, tí omi oníyọ̀ sì wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù ni yóò jìyà. Ẹ máa rí lẹ́búlẹ́bú funfun kan tó ń yọ ní ẹ̀bá súkúrù, ọ̀dà á wú níbẹ̀, tó bá pẹ́ ihò súkúrù náà á gbòòrò, àga á máa mì. Oògùn rẹ̀ kò ju wáṣà oníke kan lọ tí wọ́n fi sí àárín àwọn méjèèjì. Ilé iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ á ti fi síbẹ̀; ẹ tẹjú mọ́ ọn kí ẹ tó sanwó.

Ohun kejì ni ihò ìsàlẹ̀. Páìpù tó ṣófo, bó ti wù kí wọ́n jó o pọ̀ tó, omi á wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí kò bá sí ihò kékeré nísàlẹ̀ tí omi á máa gbà jáde, inú ni irin lásán á ti jẹ tí ẹ kò ní mọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi kán lọ́jọ́ kan báyìí. Níbi tí omi ti ń dì nígbà òtútù, ó lè la páìpù náà gan-an, alumíníọ̀mù tàbí irin. Àwọn kan máa ń fi nǹkan dí ihò yẹn nítorí kòkòrò. Ẹ má dí i.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín kù. Kò ṣìnà pátápátá, ó kù síbi tí ike tó ń rò lọ́kàn jẹ́. Bó bá jẹ́ àga oníke tí wọ́n dà lẹ́ẹ̀kan náà, tí a ń tò léra, irú èyí tó ti tàn ká gbogbo àgbáyé láti ìgbà tí Henry Massonnet ará Faransé ti gbé Fauteuil 300 rẹ̀ jáde ní 1972, polipropílíìnì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Omi ò ṣe é ní nǹkan kan, iyọ̀ ò ṣe é ní nǹkan kan. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ìtànṣán oòrùn ń gé okùn tó so ike náà pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣá, á wá máa fi ìyẹ̀fun funfun sí aṣọ ẹni tó bá jókòó, kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á fi là lábẹ́ ẹni tó wúwo. Wọ́n máa ń po oògùn tó ń dènà oòrùn mọ́ ọn, ìwọ̀n tí wọ́n po sì ni ìyàtọ̀ láàárín àga oníke kan àti èkejì. Ojú ò lè rí oògùn yẹn, àmọ́ ẹ lè fọwọ́ wo bí ike náà ṣe nípọn tó.

Ike tí èmi fẹ́ kí ọkọ yín wò ni HDPE, èyí tí wọ́n ṣe bíi pákó. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ti inú ìgò mílíìkì àti ìgò ọṣẹ àlòkù yọ́ jáde. Àwọ̀ rẹ̀ dé inú, nítorí náà bó bá họ, àwọ̀ kan náà lẹ máa bá nísàlẹ̀. Kì í mu omi, ikán ò mọ̀ ọ́n lóúnjẹ, kò sí ohun tí a ó kùn. Ó nípọn, ó wúwo, ìjì ò lè ṣàdédé gbé e. Àbùkù rẹ̀ kò ju méjì lọ: ó máa ń gùn sí i nínú ooru ju igi lọ, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi àlàfo sáàárín pákó rẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù tó bá wà lórí rẹ̀ pẹ́. Bẹ́ǹṣì gígùn tí kò ní nǹkan kan tó gbé e ró láàárín á sọ̀ kalẹ̀ bó bá ṣe díẹ̀. Àga ẹlẹ́nìkan kì í ní ìyọnu yẹn.

Àga híhun, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Rátàn gidi tí wọ́n ń já nínú igbó, inú ilé ni kó wà. Èyí tó wà fún ìta jẹ́ okùn ike tí wọ́n hun bo férémù, polietílíìnì ló dára níbẹ̀. Ti PVC máa ń gan, á sì máa ya. Ohun tó fara sin lábẹ́ híhun ló ṣe pàtàkì: àìmọye lára wọn ló jẹ́ irin lásán ni wọ́n fi ṣe férémù, ojúlówó ike lókè, ìpáàrà nísàlẹ̀, omi pupa á sì máa kán sílẹ̀ láti inú híhun lẹ́yìn òjò. Tábìlì onígíláàsì, bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná le, ojú rẹ̀ le àmọ́ etí rẹ̀ ò le. Bí nǹkan bá gbá a létí, gbogbo rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iyọ̀ òkun á sì máa sọ ọ́ di bàìbàì lójoojúmọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń nu fèrèsé, ẹ fẹ́ fi kún un ni? Òkúta mábù, ọsàn wẹ́wẹ́ á jẹ ojú rẹ̀.

Tìmùtìmù ni ó ń tú ọ̀pọ̀ ètò dáadáa ká. Ẹ sọ pé ẹ ò ní ibi tí ẹ lè kó nǹkan sí. Fóòmù lásán tó bá mu omi òjò lè máà gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, á bu, á máa rùn, á sì mú kí igi tàbí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa tutù. Fóòmù kan wà fún ìta tí ihò rẹ̀ tóbi tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ. Aṣọ tí wọ́n á fi bò ó, akíríìlì tí wọ́n ti po àwọ̀ mọ́ kí wọ́n tó fà á di òwú ni oòrùn kì í tètè fọ̀. Polísítà tí wọ́n kàn tẹ òdòdó sí lójú á ṣá ní kíá. Fún tiyín, ẹ má ra tìmùtìmù rárá. Ẹ mú àga tí wọ́n na aṣọ oníhò wẹ́wẹ́ sí lára férémù, aṣọ polísítà tí wọ́n fi ike bò. Ó ń rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹni, òjò ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ò ní í ká a wọlé.

Nítorí náà, èyí tí mo máa rà bó bá jẹ́ gbàgede yín nìyí: àga alumíníọ̀mù olọ́dà oníyẹ̀fun, àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ yanrìn, aṣọ nínà fún ìjókòó, súkúrù 316 pẹ̀lú wáṣà oníke. Tábìlì rẹ̀, férémù alumíníọ̀mù, kí ojú rẹ̀ jẹ́ pákó HDPE tàbí ti inú tíìkì tó gbó, tí wọ́n tò pẹ̀lú àlàfo láàárín kí omi má bàa dúró. Ẹ fẹ́ kó gún régé, àpapọ̀ méjèèjì yìí gún régé ju àga tó jẹ́ irin tàbí ike látòkè délẹ̀ lọ. Bí atẹ́gùn yín bá le débi tó ń gbé nǹkan, ẹ jẹ́ kí àga jẹ́ HDPE nípọn dípò alumíníọ̀mù. Ọkọ yín á yọ̀.

Ẹ mú òòfà kékeré dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ rà á. Bó bá lẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n pè ní alumíníọ̀mù, irin ni. Bó bá lẹ̀ mọ́ sítéènlẹ́ẹ̀sì pinpin, kì í ṣe 304, kì í sì í ṣe 316. Ẹ dojú àga dé, torí òkè ni wọ́n ń ṣe lóge, ìsàlẹ̀ ló ń sọ òtítọ́: ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ bóyá ó yí oríkèé ká tàbí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti fi iná kan án, ẹ wo ihò omi, ẹ wo orí súkúrù. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e nàró, ẹ tẹ igun iwájú kan àti igun ẹ̀yìn tó dojú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá ń mì nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun á máa jó lẹ́yìn ọdún kan.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, pàápàá ní àsìkò tí òjò kì í rọ̀, torí òjò fúnra rẹ̀ ń bá yín fọ iyọ̀ kúrò; ìsàlẹ̀ tábìlì tí òjò kì í dé gan-an ló ń gba iyọ̀ sára jù, ẹ má gbàgbé ibẹ̀. Bí ọ̀dà bá họ, ẹ fi ọ̀dà díẹ̀ kan án kó tó di ọ̀rọ̀.

Àga onígi tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ fi ṣọ́ńṣó ọ̀bẹ gún ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí ẹ ó fi kan ibi tó le. Bí ibi tó jẹrà kò bá ju ìwọ̀n ìka méjì tí a tò léra lọ, kí gbẹ́nàgbẹ́nà gé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba lókè ibẹ̀, kó jẹ́ kí igi gbẹ dáadáa, kó fi gúlù olómi méjì tí wọ́n ń pè ní ìpọ́ksì rin ojú tí ayùn gé títí kò fi ní mu mọ́, kó wá kan ike mọ́ ìdí rẹ̀. Àga á kúrú díẹ̀. Bó bá wà lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣì lè sìn yín fún ọdún púpọ̀.